Ẹrẹ̀ Ń Gba Ààyè Omi: Ohun Tó Dojú Kọ Ìsédò Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́

Lọ́dọọdún, bí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́, tí koríko ọ̀dàn sì ti gbẹ, ọ̀rọ̀ omi a tún di ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ ní ìlú Ọ̀yọ́ àti ní Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn obìnrin àti ọmọdé a gbé kẹ́ẹ̀gì lọ sídìí kànga, àwọn tí owó wà lọ́wọ́ wọn a pe onítáńkà, àwọn tí kò ní a máa dúró de ọmọlúwàbí tí yóò ṣí ẹ̀rọ kànga ilé rẹ̀ fún àdúgbò. Nínú ìjọ pàápàá, kì í ṣe ohun tuntun mọ́ pé kí ọ̀rọ̀ kànga ẹlẹ́rọ gba ọ̀pọ̀ wákàtí nínú ìpàdé ìgbìmọ̀. Àwọn àgbà sì máa ń béèrè ìbéèrè kan tó yẹ kí a fara balẹ̀ dáhùn: ṣebí ìjọba ti sé odò fún ìlú méjèèjì yìí láti ohun tó lé ní 60 ọdún sẹ́yìn, kí ló wá dé?

Ìdáhùn rẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan. Iná mànàmáná tó yẹ kó máa gbé ẹ̀rọ omi ṣiṣẹ́ kì í dúró, ẹ̀rọ a máa darúgbó, ọ̀pá omi tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ ní ayé àwọn bàbá wa sì ti dípẹtà ní ibi púpọ̀. Àwọn oníròyìn ti sọ gbogbo èyí ní àsọtúnsọ, a kò sì ní í dá wọn lẹ́kun. Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí ni èyí tí ojú kò rí, nítorí pé abẹ́ omi ló wà: ẹrẹ̀ àti iyanrìn tí odò ń kó wọ inú adágún ní gbogbo ìgbà òjò, tó sì ń gba ààyè tí a yà sọ́tọ̀ fún omi. Èrò tiwa ni pé bí a bá tilẹ̀ tún gbogbo ẹ̀rọ ṣe lọ́la, tí a kò sì kọ́kọ́ wọn iye ààyè tó ṣẹ́ kù nínú adágún, orí àbá lásán ni a ó kọ́ iṣẹ́ náà lé.

Ìsédò Erelú ni ti ìlú Ọ̀yọ́. Ní 1961 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà sé odò Àwọn, ọ̀kan nínú àwọn odò tó ń ṣàn lọ bá odò Ògùn. Ní 1964 ni wọ́n sé odò Ọbà fún Ògbómọ̀ṣọ́. Odò yìí ní tirẹ̀ ń ṣàn lọ sí gúúsù títí yóò fi wọ inú odò Ọ̀ṣun. Olóyè Samuel Ládòkè Akíntọ́lá, tí í ṣe ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ni olórí ìjọba ẹkùn náà ní ọdún méjèèjì. Ìbàdàn ti ní tirẹ̀ ní Ẹlẹ́yẹlé láti 1942. Nígbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ wọ̀nyí, kò tíì sí Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1990, bẹ́ẹ̀ ni kò sí Yunifásítì Àjàyí Crowther ní Ọ̀yọ́, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2005. Ilé-ìwòsàn tí ìjọ Onítẹ̀bọmi dá sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1907 kò tíì di ilé-ìwòsàn ìkọ́ni ti Yunifásítì Bowen bí ó ti rí lónìí. Ìlú ti fẹ̀, ẹnu tó ń mu omi ti pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n adágún kì í bá ìlú fẹ̀; ṣe ni inú rẹ̀ ń dínkù.

Ẹ jẹ́ kí a fi ohun tí gbogbo ilé mọ̀ ṣàlàyé. Bí a bá sẹ́ ògì tán, tí a gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì, omidùn a wà lókè, ògì a sì ti rì sí ìsàlẹ̀. Ohun tó mú un rí bẹ́ẹ̀ ni pé omi náà dúró jẹ́ẹ́. Bí a bá ń rò ó, kò ní í tòrò. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni odò rí. Nígbà tó ń sáré nínú òjò, ó ń ru iyanrìn, ẹrẹ̀ àti ewé jíjẹrà lọ. Bó ti wọ inú adágún, ẹsẹ̀ rẹ̀ a rọ̀, ẹrù tó rù a sì bọ́ lórí rẹ̀. Iyanrìn tó wúwo ló ń kọ́kọ́ bọ́, ní ẹnu ibi tí odò ti ń wọlé. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó kúnná a máa bá omi lọ títí dé ìdí ògiri ìsédò kí ó tó rì. Ẹni tó bá dúró lórí ògiri náà ní oṣù Kẹsàn-án yóò rí omi tó kún dẹ́nu, yóò sì rò pé kò séwu. Ojú adágún ni ó rí, kò rí inú rẹ̀.

Àwọn tó yàwòrán ìsédò mọ̀ pé ẹrẹ̀ yóò wá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń fi ẹnu ọ̀pá tó ń fa omi sí ibi tó ga díẹ̀ sí ìsàlẹ̀, kí ẹrẹ̀ lè ní ibi tí yóò máa rì sí láìdí ọ̀pá lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n odò kì í ka ìwé àdéhùn ẹnjiníà. Púpọ̀ nínú iyanrìn kì í dé ìsàlẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un. Òkè, níbi tí omi ti ń wọlé, ló ń dúró sí, níbẹ̀ ni yóò sì ti di erékùṣù kéékèèké tí koríko ń hù lé lórí. Omi tí à bá mu nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni iyanrìn yẹn gba ipò rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà.

Níbo ni ẹrẹ̀ yìí ti ń wá? Ní àwọn ilẹ̀ olókè ńláńlá bíi Switzerland, yìnyín tó ń yọ́ ló ń lọ àpáta kúnná sínú odò. Ilẹ̀ tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀dàn tó rọra ga tó sì rọra lọ sílẹ̀ ni ti Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, tí àpáta yọrí níbì kan níbì kan. Ọwọ́ ọmọ ènìyàn ló pọ̀ jù nínú ẹrẹ̀ tiwa. A ń sun igbó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, a ń gé igi fún èédú tí ẹ ń rí nínú àpò lẹ́bàá títì, a ń kọ ebè láti òkè sí ìsàlẹ̀ dípò kí a dá a bú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀, a ń la ọ̀nà láìṣe gọ́tà. Lẹ́yìn náà ni òjò àkọ́rọ̀ yóò dé ní oṣù Kẹta tàbí oṣù Kẹrin, pẹ̀lú ìjì, nígbà tí ilẹ̀ ṣì wà ní ìhòòhò tí irúgbìn kankan kò tíì yọ. Òjò yẹn kì í pẹ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó ń wọ́ lọ lè ju ti òjò oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí ewé ti bo oko.

Èyí kì í ṣe àròsọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Rattan Lal, ọmọ ilẹ̀ Íńdíà tó ṣiṣẹ́ ní IITA ní Ìbàdàn láti 1970 títí di 1987, fi ọ̀pọ̀ ọdún wọn ilẹ̀ tí òjò ń wọ́ lọ lórí oko àdánwò. Ó rí i pé níbi tí a bá fi koríko gbígbẹ bo ilẹ̀, tí a kò sì fi katakata tú u, ohun tí ọ̀gbàrá ń kó lọ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ilẹ̀ tí a fi sílẹ̀ ní ìhòòhò. Iṣẹ́ tó ṣe lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yìí wà lára ohun tí wọ́n wò tí wọ́n fi fún un ní Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé ní 2020. Ó dùn wá pé ìmọ̀ tí a rí ní Ìbàdàn ti rin ìrìn àjò káàkiri ayé kí ó tó dé etí odò Ọbà.

Nísinsin yìí, báwo ni ènìyàn ṣe lè mọ ohun tó wà lábẹ́ omi, àti ohun tí yóò wà níbẹ̀ ní ogún ọdún sí i? Ìdí èyí ni àwọn onímọ̀ fi ń ṣe ohun tí wọ́n ń pè ní módẹ́ẹ̀lì, ìyẹn àwòrán adágún tí a fi ìṣirò yà sínú kọ̀ǹpútà. Apá kan nínú ìṣirò náà ń wo ilẹ̀ tí odò ti ń wá: bí òjò ibẹ̀ ṣe le tó, irú ilẹ̀ tó jẹ́, bí ó ti dagun tó, ohun tó hù lórí rẹ̀, àti ọ̀nà tí àgbẹ̀ gbà ń ro ó. Ilé iṣẹ́ ọ̀gbìn ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló gbé irú ìṣirò yìí jáde fún gbogbo ayé ní 1965, láti ọwọ́ Wischmeier àti Smith. Apá kejì ń wo adágún fúnra rẹ̀. Ní 1953, ará Amẹ́ríkà mìíràn, Gunnar Brune, fi hàn pé a lè mọ ìwọ̀n ẹrẹ̀ tí adágún yóò mú dúró bí a bá fi ààyè inú rẹ̀ wé omi tó ń wọ inú rẹ̀ láàárín ọdún kan. Adágún tó lè gba ìdá kan nínú mẹ́wàá omi ọdún kan yóò mú ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ẹrẹ̀ náà dúró. Bí inú rẹ̀ sì ti ń kún ni agbára ìmúdúró yìí ń dínkù, nítorí náà ọdọọdún ni kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ tún ìṣirò ṣe.

Módẹ́ẹ̀lì dára, ṣùgbọ́n a ní láti sọ òótọ́ nípa rẹ̀. Ìṣirò tí a kọ́ lórí oko àgbàdo Amẹ́ríkà lè ṣìnà púpọ̀ lórí oko iṣu Ògbómọ̀ṣọ́. Ohun tó ń mú un dúró ṣinṣin ni ìwọ̀n: kí a wọ inú ọkọ̀ ojú omi, kí a wọn jíjìn adágún láti igun dé igun, kí a fi èyí tí a rí wé èyí tí kọ̀ǹpútà sọ. Módẹ́ẹ̀lì tí a kò fi ìwọ̀n dán wò dà bí ìṣirò owó ìjọ tí ẹnikẹ́ni kò ka owó inú àpótí sí.

Kí ẹ lè rí ohun tí ìwọ̀n yìí lè yí padà, ẹ jẹ́ kí a fi adágún kan ṣe àpẹẹrẹ. Kì í ṣe Erelú, kì í ṣe Ọbà. Àpẹẹrẹ lásán ni. Ká ní inú rẹ̀ gba 4,000,000 kúbíìkì mítà omi nígbà tí wọ́n ṣe é (kúbíìkì mítà kan jẹ́ 1,000 lítà). Bí ẹrẹ̀ bá ń gba ìdá 1 nínú 100 ààyè náà lọ́dún, 40,000 ló ń lọ lọ́dọọdún. Lẹ́yìn 60 ọdún, 2,400,000 ti lọ, 1,600,000 ló kù. Ká tún ní ènìyàn 200,000 ń mu nínú rẹ̀, tí olúkúlùkù ń lo 50 lítà lójúmọ́. Fún 150 ọjọ́ ẹ̀ẹ̀rùn, 1,500,000 kúbíìkì mítà ni wọn yóò lò. Ẹ ò rí i pé kò ṣẹ́ kù ohun tó tó nǹkan, oòrùn kò sì tíì fà nínú rẹ̀. Irú ìlú bẹ́ẹ̀ nílò orísun omi mìíràn ní kíá. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ìdajì ìdá 1 péré ni ẹrẹ̀ ń gbà lọ́dún, 2,800,000 ló ṣì wà níbẹ̀, ohun tí ìlú náà nílò kò ju ẹ̀rọ àti ọ̀pá tuntun lọ. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìdá 1 àti ìdajì rẹ̀ kékeré lójú, ṣùgbọ́n òun ni yóò sọ bóyá kí ìjọba ná owó kékeré tàbí owó ńlá. Kò sí ẹni tó lè fi ojú lásán mọ̀ ọ́n láti orí ògiri.

Gbogbo ayé ni ọ̀rọ̀ yìí sì kàn. Ní oṣù Kìíní 2023, ilé ẹ̀kọ́ gíga Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé ìwádìí jáde lórí ìsédò ńlá 47,403 ní orílẹ̀-èdè 150. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé nígbà tí yóò bá fi di 2050, ẹrẹ̀ yóò ti gba nǹkan bí ìdá 26 nínú 100 ààyè tí ìsédò wọ̀nyí ní nígbà tí wọ́n kọ́ wọn.

Ìgbàkígbà tí ọ̀rọ̀ bá dé ibi yìí, ariwo tí a máa ń gbọ́ ni pé: kí ìjọba kó ẹrẹ̀ kúrò. Ọ̀nà wo ni àwọn ẹlòmíràn ń gbà kó o? Ní Gebidem, lábẹ́ òkè yìnyín ní Switzerland, wọ́n a máa ṣí ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ ìsédò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí omi lè fi agbára gbá ẹrẹ̀ jáde. Ní Nunobiki, nítòsí Kobe ní ilẹ̀ Jàpáànù, ìsédò tí wọ́n parí ní 1900, wọ́n gbẹ́ ihò gba inú òkè ní 1908 kí omi ìkún tó ru iyanrìn lè yà kúrò láìwọ inú adágún rárá. Ilẹ̀ Ṣáínà fi ojú rí màbo. Ẹrẹ̀ Odò Yẹ́lò ya wọ inú ìsédò Sanmenxia, tó bẹ̀rẹ̀ sí gba omi dúró ní 1960, tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ní láti yí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lò ó padà ní 1962. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún fi ọ̀pọ̀ ọdún lu ihò sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Ṣé èyí lè bá tiwa mu? Ó ṣòro. Gbígbá ẹrẹ̀ jáde ń fẹ́ àfonífojì tóóró tó dagun, ó ń fẹ́ ilẹ̀kùn ńlá ní ìsàlẹ̀, ó sì ń fẹ́ omi púpọ̀ tí yóò tètè tún adágún kún. Adágún tó tẹ́ rẹrẹ lórí ọ̀dàn kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá tú u dànù tí òjò sì dáwọ́ dúró, kí ni ìlú yóò mu títí di ọdún tó ń bọ̀? Ohun tí a lè dán wò ni kí a jẹ́ kí ìkún omi ìbẹ̀rẹ̀ òjò, tó ru ẹrẹ̀ jù lọ, gba inú adágún kọjá ní ibi tí ilẹ̀kùn rẹ̀ bá ṣì ń ṣí, kí a sì wá pa omi mọ́ ní oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kẹwàá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ṣe èyí gbọ́dọ̀ mọ òjò ọdún náà dáadáa.

Ó wá ku fífi ẹ̀rọ gbẹ́ ẹ. Ẹ jẹ́ kí a padà sí adágún àpẹẹrẹ wa. Ẹrẹ̀ 2,400,000 kúbíìkì mítà ló wà nínú rẹ̀. Bí típà kan bá ń gbé 10, ìrìn típà 240,000 nìyẹn. Bí típà bá ń rìn ní ìgbà 100 lójúmọ́ láìsinmi, 2,400 ọjọ́ ni, ó ju ọdún mẹ́fà àbọ̀ lọ, ẹrẹ̀ tuntun yóò sì ti wọlé ní iye tó ju 240,000 lọ kí wọ́n tó parí. Níbo sì ni wọn yóò da gbogbo rẹ̀ sí? Bí wọ́n bá kó o jọ sí etí odò, òjò ọdún kan péré yóò gbá a padà síbi tó ti wá. A kò sọ pé kí a má gbẹ́ ẹrẹ̀ rárá. Ó tọ́ kí a kó èyí tó dí ẹnu ọ̀pá àti ibi tí odò ti ń wọlé, àwọn àgbẹ̀ sì lè rí ẹrẹ̀ kíkúnná lò lórí oko bí a bá kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò pé kò ní májèlé. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kíkó ẹrẹ̀ tí a gbé fún agbaṣẹ́ṣe láìwọn adágún ṣáájú, láìsì tún un wọ̀n lẹ́yìn rẹ̀, báwo ni a ó ṣe mọ ohun tí owó ìlú rà? Ilẹ̀kùn ìwà jìbìtì ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, omi sì ń bo àṣírí rẹ̀.

Òùngbẹ nìkan kọ́ ni ewu ibẹ̀. Adágún tí ẹrẹ̀ ti kún inú rẹ̀ kò ní ààyè tí yóò fi gba àgbàrá òjiji dúró. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ 2011, òjò ńlá rọ̀ sí Ìbàdàn, omi ya, ènìyàn tó ju 100 lọ kú, afárá sì wó káàkiri ìlú. Ọ̀pọ̀ nǹkan ló pa pọ̀ fà á: ilé tí a kọ́ sójú odò, ìdọ̀tí tó dí gọ́tà, àti òjò náà fúnra rẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí owó 200 mílíọ̀nù dọ́là ní 2014 láti dènà irú rẹ̀, títún ìsédò Ẹlẹ́yẹlé ṣe wà lára iṣẹ́ tí wọ́n fi owó náà ṣe. A kọ ọ́ síbí kí àwọn ará Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ odò lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ adágún kan àwọn tó ń ra omi onítáńkà náà.

Ẹnìkan lè sọ pé ìsédò Ìkéré nítòsí Ìsẹ́yìn ń bẹ, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lórí odò Ògùn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, tí wọ́n sì yà á láti gba 690 mílíọ̀nù kúbíìkì mítà. Òótọ́ ni pé ó tóbi, igbó Ọgbà Ìtura Ọ̀yọ́ Ilé sì ń dáàbò bo apá kan nínú ilẹ̀ tí omi rẹ̀ ti ń wá. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọdún ló ti kọjá tí iṣẹ́ iná mànàmáná mẹ́gáwáàtì 6 àti ọ̀pá omi tí wọ́n pinnu níbẹ̀ kò lọ bí ó ti yẹ. A kò lè ní kí ọmọ tí ebi ń pa máa wo iṣu tó wà lóko ẹlòmíràn.

Ohun tó wà ní ìkáwọ́ wa ni ilẹ̀ tó yí àwọn adágún kéékèèké wọ̀nyí ká, àwọn ìjọ sì ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìjọ ló ní oko, ilẹ̀ ìpàgọ́ àti ibi àdúrà ní ìgbèríko, tí odò kéékèèké ń gba ibẹ̀ kọjá lọ sí Àwọn tàbí Ọbà. Bí a bá fi igi àti koríko sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì odò, tí a kò tú ilẹ̀ dé etí omi, tí a kò sì sun ún, ẹrẹ̀ púpọ̀ yóò há sínú koríko náà. Ìgbìmọ̀ ilẹ̀ ìjọ lè pinnu èyí ní ìpàdé ẹyọ kan, láìdúró de Ìbàdàn. Àwọn tó ń fi èédú ṣiṣẹ́ jẹ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ẹni tí kò ní iṣẹ́ mìíràn kò ní í gbọ́ ìwàásù igi, a sì gbà pé ìjọba ni kó wá nǹkan ṣe sí i.

Ní ti ìwọ̀n, kò le. Ìparí oṣù Kẹwàá ni àkókò tó dára jù, nígbà tí adágún kún tí ìjì sì ti rọlẹ̀. Ọkọ̀ kékeré kan, ẹ̀rọ tó ń fi ìró wọn jíjìn omi, ẹ̀rọ tó ń gba àmì láti ojú sátẹ́láìtì láti sọ ibi tí ọkọ̀ wà, àti apẹja kan tó mọ ibi tí kùkùté wà lábẹ́ omi. Ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ wà ní Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá, ìrìn kò sì jìnnà láti ibẹ̀ dé etí Ọbà. Ohun kan ni wọn yóò nílò tí a kò lè rà lọ́jà: àwòrán ilẹ̀ àfonífojì méjèèjì bí ó ti rí kí omi tó bò ó ní 1961 àti 1964, nítorí pé òun ni wọn yóò fi wé ohun tí wọ́n bá rí. Bí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ bá ṣì wà nínú àpótí kan ní ọ́fíìsì ìjọba, kí wọ́n tètè wá a jáde kí ikán tó dé ibẹ̀.